Ògiri Tó Gùn Ní Ọ̀pá Méjìdínlógóje

Bí o bá jáde nílé ní àdúgbò tí Bàbá Pátákó ń gbé, kó o tó dé ìkóríta àkọ́kọ́, ojú rẹ á ti kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá. Òun ló kọ orúkọ apòògùn sókè ilẹ̀kùn. Òun ló ya màlúù tó ń rẹ́rìn-ín síwájú ṣọ́ọ̀bù alápatà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó yẹ kó pa màlúù lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Òun náà ló kọ “Ẹ má ṣe tọ̀ síbí” gàdàgbà sára ògiri ibi ìgbọ́kọ̀sí, àwọn ọkùnrin a sì dúró, wọn a kà á tán dáadáa, kí wọ́n tó tọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pátákó kíkọ, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta báyìí. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi sílẹ̀ fún un. Ní oṣù kejì tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí, wọ́n ní kó kọ pátákó káfíńtà kan. Ó kọ “Ilé Iṣẹ́” ràgàjì, ó tẹ́ ẹ lọ bí ẹní. Nígbà tó fi máa kan orúkọ káfíńtà, àyè ti tán. Ó bá há orúkọ náà mọ́ etí pátákó, àwọn lẹ́tà rẹ̀ dúró gbọọrọ bí èrò tó ń yọ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn tóóró kọjá. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó títí, kò nà án. Ó kàn bi í pé, “Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?”

“Káfíńtà ni, sà.”

“Kí ló wá ń ṣe ní kọ̀rọ̀ bí olè? Láti òní lọ, kó o tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, kọ́kọ́ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù.”

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ti fi pa òfin náà mọ́. Kò tún há orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí àyè gbà lára gbogbo pátákó wọ̀nyẹn, ìyàwó rẹ̀ ni. Aránṣọ ni Ìyá Ìbejì. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì ní pátákó. “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” ni Bàbá Pátákó máa ń dá a lóhùn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà sì ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

“Olówó orí mi nìyí,” ni obìnrin náà máa ń wí níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, tí á fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí ọkọ rẹ̀. “Wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo ayé tán. Wọ́n kọ ti ajá! ‘Ṣọ́ra, ajá ń bẹ nínú ilé yìí.’ Ajá gan-an ti kú, pátákó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èmi tí mo wà láàyè ńkọ́?”

Wọn a rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ náà a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìbejì sọ ohun tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́, ó dáwọ́ dúró, ó ní, “Bàbá Ìbejì, mo ti ń gbàgbé ojú ìyá mi. Lánàá mo wá a, wá a, imú wọn nìkan ni mo rí. Wọn ò ya fọ́tò rí. Bí èmi náà bá lọ, ojú wọn tán nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló máa wá kan tèmi.”

“Ìwọ ya fọ́tò.”

“Fọ́tò? Ikán ló ni ín.”

Nítorí náà, nígbà tí ilé-ìwé òkè àdúgbò pe Bàbá Pátákó pé kó wá ya ìtàn àgbáálá ayé sára ògiri ọgbà wọn, ohun àkọ́kọ́ tó sọ nígbà tó délé ni pé, “Mo ti rí ibi tí mo máa ya ojú rẹ sí.” Ògiri bíríkì ni, kì í ṣe pátákó tí olóhun máa yọ nígbà tó bá ń kó ẹrù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Ìyá Ìbejì ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀. Wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan pé lọ́jọ́ Ẹtì tí àwọn òbí máa wá wo ilé-ìwé, gbogbo àwọn ń bọ̀ wá wo ojú Ìyá Ìbejì.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló ni èrò ògiri náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kúkúrú kan ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó gé ọ̀pá kan tó gùn tó ìṣísẹ̀ àgbàlagbà, ó gbé e lé Bàbá Pátákó lọ́wọ́.

“Bàbá, ọ̀pá yìí kan dúró fún ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún. Láti ẹnu géètì dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́, ọ̀pá méjìdínlógóje ni. Ọjọ́ orí àgbáálá ayé nìyẹn gẹ́lẹ́.”

Ó fún un ní ìwé tó to gbogbo nǹkan sí pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Oòrùn wà ní ọ̀pá kejìléláàádọ́rùn-ún, ohun abẹ̀mí àkọ́kọ́ ní ọgọ́rùn-ún, ẹja ní àádóje ó lé mẹ́ta. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ “Ènìyàn, àti bí wọ́n ṣe wá mọ gbogbo èyí” sí. Kò kọ nọ́mbà kankan síwájú ìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó rìnrìn àjò lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì.

Bàbá Pátákó ka ìwé náà, ó wo ògiri. Kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó rìn lọ sí ìparí, ó fi ṣọ́ọ̀kì pààlà síbẹ̀, ó fi odidi ọ̀pá méje sílẹ̀ fún ènìyàn. Ta ló tún ni ṣọ́ọ̀bù bí kò ṣe ènìyàn? Ẹja àti igbó àti àwọn ẹranko fàkìà-fakia tó dà bí alángbá, ó kó gbogbo wọn há inú ọ̀pá kan. Wọ́n á sún mọ́ra.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣiṣẹ́ náà. Ó kun ìbẹ̀rẹ̀ ní dúdú kirikiri, ó fọ́n ìràwọ̀ sí i, ó yí wọn po bí omi tó ń yí nínú agbada. Ṣùgbọ́n inú ọ̀pá méje ìparí ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó ya ọkùnrin kan tó ri igi mọ́lẹ̀ tó ń wọn òjìji rẹ̀. Ó ya ẹnì kan tó ń fín àmì òṣùpá sára egungun. Ó ya ẹni tó fi awò gígùn ti ojú tó ń wo ìràwọ̀, àti ẹni tó fi dígí la ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí òṣùmàrè. Láàárín wọn, ó ya ojú ìyàwó rẹ̀, ó tóbi tó ilẹ̀kùn méjì, ó gbé ọwọ́ ṣíji bojú, ó ń wo òkè. Kò ya ojú tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, ó ń rìn, ó ń pariwo, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá! Ó ga o!” Nígbà tó dé ìparí, ariwo rẹ̀ dúró.

“Bàbá, ta nìyí?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Wọ́n rẹwà. Àmọ́ ọ̀pá mélòó lẹ fún wa?”

“Méje. Ṣé ó kéré ni?”

Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. “Ọ̀pá méje, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mílíọ̀nù ọdún nìyẹn, Bàbá. Ẹja gan-an kò tíì dé ayé nígbà náà. Ẹ ní ìṣáná lọ́wọ́?”

Ó yọ ìṣáná kan láti inú páálí tí Bàbá Pátákó fún un, ó fi orí rẹ̀ ti etí ògiri gan-an, níbi tí ògiri ti parí.

“Orí ìṣáná yìí. Kì í ṣe igi rẹ̀ o, orí rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀dá tó jọ èmi àti ẹ̀yin ti kọ́kọ́ rìn lórí ilẹ̀ títí di òní, ibi tó fẹ̀ dé nìyẹn.”

Bàbá Pátákó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fa pẹ́ńsùlù yọ létí, ó ṣírò ó sára ògiri, ó tún un ṣírò. Ẹ̀rín lọ lójú rẹ̀.

“Láti ìgbà tá a ti ń dáko, tá a ti ń kọ́lé ńkọ́?”

“Nǹkan bí ìbú irun orí kan.”

“Èmi ńkọ́? Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta?”

Olùkọ́ náà pa ìka méjì pọ̀ títí tí àyè kankan ò fi sí láàárín wọn.

“Ta ló wá ni ṣọ́ọ̀bù?” ni Bàbá Pátákó bi í.

“Ẹ ní kí ni?”

“Gbogbo èyí. Bí kì í bá ṣe tiwa, ta ló ni ín?”

“N ò mọ̀, sà. Àmọ́ ó ti ṣí tipẹ́tipẹ́ kí àwa tó wọlé.”

Ó ní òun ni òun jẹ̀bi, òun ni kò kọ nọ́mbà síbẹ̀. Ó ní bí Bàbá bá fẹ́, kí wọ́n fi ojú náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ta ló fẹ́ wọn ògiri lọ́jọ́ òbí? Bàbá Pátákó jókòó lórí gárawá ọ̀dà. Ó ti kọ pátákó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sí èyí tó jẹ́ kí orí rẹ̀ wú bí èyí.

“Kí n bi ọ́,” ló wí. “Àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwa orí ìṣáná, ta ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì fún wa? Ta ló wà níbẹ̀?”

Ojú olùkọ́ náà tàn. “Ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ọ́, Bàbá. Ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn ni. Bó ti wù kó yára tó, ọ̀nà jìn. Oòrùn tó ń ràn sí yín lára yìí, ó ti kúrò nílé láti bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ti àwọn ìràwọ̀ míì, kó tó di pé a bí bàbá yín ló ti wà lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo ọ̀nà jíjìn, àtijọ́ ló ń wò. Ojú lásán, ibi tó jìnnà jù tó lè rí, ìbú àtàǹpàkò kan ni lára ògiri yín. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé awò sókè wò ré kọjá ìyẹn díẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń ṣe awò tó tóbi sí i. Láyé ìyá mi àgbà, wọ́n rí i pé àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n ní, bí wọ́n bá ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn lónìí, a jẹ́ pé wọ́n há mọ́ra wọn nígbà kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ tó dàgbà ju gbogbo ìmọ́lẹ̀ lọ.”

“Níbo?”

Ó mú un padà gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri, títí dé ẹnu géètì. Ó tún fi orí ìṣáná náà ti etí ògiri, ní ìbẹ̀rẹ̀ báyìí. “Ibí. Lẹ́yìn orí ìṣáná kan péré. Kó tó dìgbà náà, ohun gbogbo gbóná, ó dí bí kùrukùru, ìmọ́lẹ̀ ò ráyè kọjá.”

Bàbá Pátákó wo ibẹ̀, ó yíjú wo ìparí lọ́hùn-ún, níbi tí ògiri ti kéré bí ìka. Orí ìṣáná kan nìyí, orí ìṣáná kan nìyẹn. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó dé lánàá, ń wo èyí tó wà níwájú pátápátá, ó sì ń rí i. Ó ṣí fìlà, bí ẹni tó wọ ilé ẹni ńlá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó fi ọ̀dà funfun pa ọkùnrin tó ń wọn òjìji àti aláwò àti gbogbo wọn rẹ́. Nígbà tó kan ojú ìyàwó rẹ̀, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó lọ sílé.

Ìyá Ìbejì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. “Ẹ wí i,” ló wí láìgbójú sókè. “Ẹsẹ̀ yín ti sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé.”

“Wọ́n ní kí n pa ojú rẹ rẹ́.”

“Wọ́n ní, àbí ẹ̀yin lẹ ní?”

“Èmi ni.”

Ẹ̀rọ dúró. “Kí lojú mi fi ṣe yín?”

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó mú ìṣáná jáde, ó fi orí rẹ̀ hàn án, ìyẹn ló sì bu epo síná.

“Orí ìṣáná! Mo ti sọ fún èrò o! Ìyàwó apòògùn rán aṣọ tuntun nítorí ọjọ́ náà. Èmi gan-an ni mo rán an! Kí n wá sọ fún wọn pé ọkọ mi fi mí wé ìṣáná?”

Ó dìde, ó bu oúnjẹ, wọ́n sì jẹun. Nígbà tó ń kó àwo, ó ní, “Lọ́la, ẹ mú mi lọ. Bẹ́ ẹ bá máa pa mí rẹ́, ojú mi ni kó ṣe.”

Láàárọ̀, ó fi téèpù kọ́rùn bó ṣe máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ó dúró sẹ́nu géètì, ó wọn ọ̀pá àkọ́kọ́. “Ẹ fi ìlàjì ìka tàsé níbí.”

“Àgbáálá ayé kì í ṣe ṣòkòtò.”

“Ṣòkòtò tẹ́ ẹ bá rán bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní lè jókòó.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bàbá Pátákó fi òkùnkùn ìbẹ̀rẹ̀ hàn án, ó fi ìràwọ̀ àkọ́kọ́ hàn án ní ọ̀pá kejì. Ó sọ ohun tí olùkọ́ sọ fún un, pé inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti se irin, pé nígbà tí àwọn ìràwọ̀ ńlá bú gbàmù ni irin fọ́n káàkiri, pé ti inú abẹ́rẹ́ Ìyá Ìbejì wà lára irin náà, ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Obìnrin náà wo abẹ́rẹ́ tó kọ́ mọ́ ọrùn aṣọ.

“Ó rìn jìnnà,” ló wí, “kó tó wá gún mi níka.”

Ní àádọ́rin ọ̀pá, ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. “Oòrùn gan-an ò tíì dé?”

“Ó ku ọ̀pá méjìlélógún.”

“Ah! Mo ti rò pé òun ni àkọ́bí.”

Láti ibẹ̀ lọ, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n kọjá oòrùn, wọ́n kọjá ayé nígbà tó jẹ́ iná, wọ́n kọjá òkun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ohun tí ojú ò lè rí lọ, òkun náà sì ń lọ, ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé ìyàgbẹ́ kí ẹja kan tó lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n wá dé iwájú ojú rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

“Ẹ mọ imú yà,” ló wí. Lẹ́yìn náà: “Ibo lẹ ní kó wà?”

Ó fi orí ìṣáná hàn án.

“Ibo ni ìyá mi wà?”

“Inú rẹ̀ náà ni.”

“Apá ibo nínú rẹ̀?”

“Ibi tí ìwọ wà.”

“Àárín èmi àti ìyá mi, báwo ló ṣe fẹ̀ tó?”

Bàbá Pátákó ronú, nítorí pé ìwọ̀n ni wọ́n bi í, kì í sì í parọ́ ìwọ̀n. “Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè ya á,” ló wí. “Bí mo bá ní kí n pín yín, n ò lè pín yín.”

Ìyá Ìbejì fi ìka kan etí ògiri, ó fi í síbẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Mo ti ń rò pé wọ́n ti jìnnà,” ló wí.

Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó wo àwòrán ńlá náà láti òkè délẹ̀. “Ojú yìí ti pọ̀ jù. Ó gba ilé onílé. Níbo ni búrọ́ọ̀ṣì wà?”

Ọkọ rẹ̀ nà án sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló rì í bọ ọ̀dà funfun, imú ló sì kọ́kọ́ kùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti tẹ́ ẹja àti igbó àti ẹranko lọ sínú ọ̀pá méje tó ṣófo, Bàbá Pátákó ń wá ohun tó máa fi ya ìgbà tí ènìyàn ti ń dáko, tó ti ń kọ́lé, tó ti ń kọ̀wé. Ó fa irun kan yọ lára búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó kéré jù, ṣùgbọ́n irun náà nípọn jù. Ìyá Ìbejì wò ó bó ṣe ń làágùn. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ gèlè, ó fa irun funfun kan tu.

“Ẹ dán èyí wò.”

Ó bá a mu. Obìnrin náà ló fi fánííṣì lẹ̀ ẹ́, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ kì í gbọ̀n, irun náà dúró ṣánṣán ní etí ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí gígùn rẹ̀ ṣe mọ. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Pátákó po ọ̀dà pupa rúsúrúsú pọ̀ mọ́ funfun títí tó fi rí bí oòrùn àárọ̀. Láti ara irun náà, ó fa ìlà tín-ínrín kan padà sẹ́yìn: ojú tí ènìyàn fi ń wò. Ó ya ojú lásán síbi tí àtàǹpàkò mọ, ó ya awò kékeré níwájú rẹ̀, ó ya awò ńlá, ó ya etí irin gbàǹgbà tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ojú ọ̀run. Ìlà náà gba abẹ́ ẹja kọjá, ó gba abẹ́ oòrùn, ó gba abẹ́ ìràwọ̀ tó ti kú. Ọjọ́ méjì ló fi fà á dé ẹnu géètì. Ibi tí orí ìṣáná ìbẹ̀rẹ̀ parí sí ló dá a dúró.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn oníbàárà dé gììrì. Ìyàwó apòògùn ló ṣíwájú nínú aṣọ tuntun rẹ̀. “Ìyá Ìbejì, ojú yín dà? A ti wá a títí dé ilé ìyàgbẹ́!”

“Ẹ ti kọjá mi. Ẹ padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ síbí.”

“N ò rí nǹkan kan.”

“Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ má mí sí i o.”

“Ṣé irun nìyí?”

“Irun mi ni. Èmi wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀. Gbogbo ọba tẹ́ ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ibẹ̀ ló ti jọba. Ẹ̀yin pẹ̀lú aṣọ tuntun yín, ibẹ̀ lẹ wà.”

“Gbogbo wa?”

“Gbogbo wa. Ẹ má tì mí.”

Wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀, ń fẹ́jú mọ́ irun kan ṣoṣo, ẹ̀rín ń sọ. Nígbà tí ìyàwó apòògùn nàró, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà náà níbi tó ti jáde lára irun. Ó tọ̀ ọ́ díẹ̀. Ó tún tọ̀ ọ́. Ó gbójú sókè, ó rí ibi tó ń lọ, gbogbo gígùn ògiri, dé inú dúdú lọ́hùn-ún lẹ́nu géètì. Ọkọ rẹ̀ pè é láti iwájú kíláàsì, kò dáhùn. Ó tún pè é. Ìyá Ìbejì ló juwọ́ sí ọkùnrin náà pé kó ní sùúrù.